Èmi Ni Mo Di Irun Ìwàlẹwà

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Ẹ̀yìn Ọjà Titun,
                                        Ọ̀fàtẹ̀dó, lẹ́bàá Òṣogbo,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹsàn-án, 1995.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Barnabas,

Báwo ni ara rẹ? Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún nígbà tí mo wá lọ́dún Àjíǹde ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Tómisìn àti àwọn àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Ṣé Màmá ṣì ń lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Mo gbọ́ pé òjò kò jẹ́ kí kòkó tí ẹ sá ní Ifẹ̀wàrà gbẹ dáadáa. Ọlọ́run á fún yín ní oòrùn. Ara tiwa náà le níbí, a dúpẹ́. Ìwàlẹwà ní kí n kí bàbá òun ní Iléṣà, pé òun ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, kí ẹ má pe òun ní ọmọ kékeré mọ́.

Mo ti kí ọ tán. Jẹ́ ká wá jà.

Lẹ́tà tí o fi rán Micah tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́rú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì nítorí mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. O ní ìtìjú bá ọ ní ìpàdé kíláàsì wa ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí Micah ń ròyìn pé òun bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo so ìko mọ́ àgò fáànù, tí mo ń dì í bí irun obìnrin. O ní gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, pé ìwọ nìkan lo wolẹ̀. O ní iṣẹ́ bàbá lórí ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé tuntun ni kó sanwó, kó ra aṣọ, kó ra ìwé, kó sì gbàdúrà, pé ìyókù di ti obìnrin. O wá parí rẹ̀ pé kí n fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi kó mú un wá sí Iléṣà, kí n tó di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé lóko. Barnabas, mi ò ní í fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àyè wà.

Ìtàn náà kò dé etí rẹ bó ṣe rí. Ìdajì ni Micah máa ń gbọ́ kó tó gun ọkọ̀. Jókòó, kí n sọ ọ́ fún ọ.

O mọ̀ pé láti oṣù Kejì ni ìyàwó mi, Bọ́lárìnwá, ti lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Sáúdí, ọdún méjì sì ni ìwé tó fọwọ́ sí. Èmi àti Ìwàlẹwà nìkan la wà nílé. Mò ń se oúnjẹ, mò ń fọṣọ, mò ń lọ yunifọ́ọ̀mù, kò sì sẹ́ni tó ka èyí sí ìtìjú. Wọ́n kàn ń kí mi pé mo kú ìfaradà ni. Irun nìkan ló kọjá agbára mi. Sikirat aládùúgbò wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Bushrah, ló ń bá mi dì í ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin dáadáa ni, ṣùgbọ́n oníbàárà rẹ̀ pọ̀, ọmọdé ló sì máa ń kẹ́yìn. Ìwàlẹwà á jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ Sátidé, àwọn ìyàwó ilé á máa gba iwájú rẹ̀ kọjá, títí oòrùn á fi wọ̀. Lọ́jọ́ kan ní táàmù tó kọjá, wọn ò tilẹ̀ rí àyè parí rẹ̀. Ó gbé orí tí apá kan wà ní dídì tí apá kejì rí rúdurùdu lọ sí ilé-ìwé, wọ́n sì dá a padà. Ó fi báàgì ìwé bo orí, ó rìn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Inú mi bà jẹ́ lọ́jọ́ náà débi pé n kò lè fi wáyà kankan bọ ojú ihò fáànù tí mò ń tún ṣe.

O ó ní kí ló dé tí n kò gé irun náà. Ohun tí gbogbo yín ń sọ nìyẹn. Mo mọ̀ pé ilé-ìwé gbà kí wọ́n gé e. Mo tilẹ̀ mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, mo pe ọmọ náà. Kò sunkún, kò jà. Ó kàn ní, "Mọ́mì ní àwọn máa bá irun mi lórí mi tí wọ́n bá dé." Mo dá àlùmọ́gàjí padà síbi tí mo ti mú un. Ìwọ ńkọ́, ṣé wàá gé e? Má dá mi lóhùn, mo mọ̀ ọ́. O ò ní í gé e.

Nígbà tó wá yege ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì àwọn obìnrin níbí, wọ́n fún wa ní ìwé ohun tí ọmọ máa kó wá: sáńdààlì, ìbọ̀sẹ̀ funfun, àdá, ìgbálẹ̀, gbogbo rẹ̀. Mo rà wọ́n pé pérépéré. Àmọ́ ẹ̀yìn ìwé náà ni wọ́n kọ irun sí, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kòlẹ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ṣùkú. Ọ̀sẹ̀ kẹta, pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí táàmù á fi parí. Ọmọ tí irun rẹ̀ bá yàtọ̀ kò ní í wọ kíláàsì.

Ìwé yìí ni ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Phebe, rí lórí tábìlì nígbà tí wọ́n wá kí wa lóṣù Kẹjọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn Ìwàlẹwà tó wọn, n kò ní í parọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ọkùnrin kò lè dá tọ́ ọmọbìnrin. Wọ́n ka ìwé náà tẹ̀yìn tojú, wọ́n ká a, wọ́n ní, "Dayọ̀, bó bá di ọjọ́ ìwọlé tí orí ọmọ yìí ò rí bí ìwé yìí ṣe wí, mo ń mú un lọ sí ulé ní Uléṣà. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ nílé-ìwé tó wà lẹ́yìnkùlé wa." Mo ní mo gbà. Inú ló ń bí mi tí mo fi gbà, ṣùgbọ́n ẹnu ara mi ni mo fi gbà á. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń gbọ́ wa.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Sikirat pé kó kọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Bàbá Ìwàlẹwà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n pe ọkọ mi kó wá gbọ́ nǹkan tí ẹ sọ." Nígbà tó rí i pé ojú mi ò rẹ́rìn-ín, ó nu ojú tirẹ̀, ó fún mi ní ìdì ìko kan. Ó ní kí n so ó rọ̀, kí n máa dì í, kí n máa tú u, pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orí ọmọ títí ọwọ́ mi á fi rọ̀. O mọ iṣẹ́ mi. Ẹni tó ń rọ́ wáyà fáànù ní yípo ẹgbẹ̀rin, tó jẹ́ pé tó bá ṣì í ní ọ̀kan á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ṣé ìko ló máa wá ṣẹ́gun rẹ̀? Ó ṣẹ́gun mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Àwọn oníbàárà dúró, wọ́n ń wò mí. Ọ̀kan ní ó jọ pé ìyàwó mi ti gbé orí mi dání lọ sí Sáúdí. Mo ní kó gbé fáànù rẹ̀, ó ti ń fẹ́. Àárín ìgbà yẹn ni Micah yọjú.

Ó wá di Sátidé tó ṣíwájú ìwọlé. Sikirat ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìkìrun, ó fi òòyà kan sílẹ̀ fún mi, ó ní Ọlọ́run á tì mí lẹ́yìn. Mo gbé àpótí kékeré fún Ìwàlẹwà, mo ní kó jókòó kó kọjú sí mi. Bí mo ṣe máa ń gbé fáànù síwájú mi nìyẹn kí n tó fọwọ́ kàn án. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo fẹ́ máa rí ojú rẹ̀ kí n lè mọ̀ tó bá ń dùn ún. Ó tẹrí ba díẹ̀ níwájú mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́ tó jìnnà sí mi, mò ń dì í bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara mi. Ó dùn ún lóòótọ́, nítorí mo ń fà á bí ẹni ń fa wáyà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì di orúnkún mi mú. Nígbà tó máa fi di aago méjì, ìlà méjìlá ti pé. Mo dìde, mo fà sẹ́yìn, mo wò ó, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba fúrídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ lọ.

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Phebe wọlé, báàgì òfìfo kan wà lápá wọn. Wọ́n yí ọmọ náà ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Dayọ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lo dì yìí o. Iwájú ni kòlẹ́sẹ̀ ti í bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn ni í parí sí. Gbogbo urun lo wá dà sọ́mọ lójú."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀yìn ọmọ ni obìnrin máa ń jókòó sí, bó bá sì ti ń dì í bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ìpàkọ́ ni irun ń bọ̀. Èmi tí mo jókòó níwájú, iwájú orí ni tèmi gbà. Kò sí obìnrin kan tó lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kékeré ni wọ́n ti ń fi wọ́n sáàárín ẹsẹ̀. Wọn ò fi èmi àti ìwọ síbẹ̀ rí. Wọ́n ń fá tiwa ni.

Àǹtí Phebe ní kí ọmọ lọ máa kó aṣọ rẹ̀. Mo ní kò lọ síbì kankan. Mo ní ọjọ́ ìwọlé la jọ sọ, Mọ́ńdè ni ìwọlé, Sátidé sì lòní. Barnabas, o mọ bí mo ṣe bẹ̀rù wọn láti kékeré, n kò mọ ibi tí ẹnu yẹn ti wá. Wọ́n gbé báàgì kalẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn ò ní í fọwọ́ kàn án bá mi o. Mo ní n kò bẹ̀ wọ́n.

Mo tú gbogbo rẹ̀. Mo tẹ́ ẹní, mo fi ọmọ sáàárín ẹsẹ̀ mi, ó kẹ́yìn sí mi. N kò rí ojú rẹ̀ mọ́, òun náà ò sì rí tèmi, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rù àwọn àgbà ilé-ìwé ń ba òun. Ó ní òun ò mọ ibi tí wọ́n ti ń gba omi níbẹ̀. Mo wá rántí àwọn ìwé rẹ̀ tí mo ti fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, tí kò tíì kọ orúkọ sí ìkankan. Mo bi í pé kí ló ń dúró dè. Ó ní, "Mi ò mọ ilé-ìwé tí mo máa kọ sí i."

Ọwọ́ mi dúró. Ó tún ní, "Bàbá, tí èyí náà bá bà jẹ́, ṣé ẹ máa jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ?" Mo ní tó bá bà jẹ́, màá tún un dì, tó bá tún bà jẹ́, màá tún un dì. Omi ti kún ojú mi, n kò ní í bò ó fún ọ. Àǹtí Phebe wà lórí àga, wọ́n ń wo ògiri bí ẹni ń ka kàlẹ́ńdà, bẹ́ẹ̀ èmi ti fi kàlẹ́ńdà bo ìwé.

Aago mẹ́fà kù díẹ̀ kí n tó parí. Àǹtí Phebe kò yìn ín, wọn ò bú u. Wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́, àwọn á dúró di Mọ́ńdè kí ojú àwọn lè rí i bí wọ́n ṣe máa dá ọmọ padà. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn.

Ní Mọ́ńdè, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ. Àwọn òbí dúró lẹ́yìn géètì, olùkọ́ obìnrin kan dúró nínú ọgbà pẹ̀lú pankẹ́rẹ́, ó ń yẹ orí àwọn ọmọ tuntun wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Ìwàlẹwà, ó fi ìka tọ ìlà irun náà láti iwájú dé ẹ̀yìn ọrùn. Ó ní, "Kòlẹ́sẹ̀ ni, ó dáa. Ta ló bá ẹ dì í?"

"Bàbá mi ni, Mà."

"Mo ní ta ló bá ẹ dì í?"

"Bàbá mi ni."

Ó ní kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó kúnlẹ̀. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rèé, ó ti ń fi irọ́ dá olùkọ́ lóhùn. Barnabas, irun náà yege, ọmọ tó ru ú ló wà lórí ìkúnlẹ̀. Sórí òkúta wẹẹrẹ ni, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun tuntun. Ká ní ó sọ pé Ìyá Bushrah ni, ì bá ti wọlé lọ. Kò sọ ọ́. Olùkọ́ bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní bàbá òun ni.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ mégáàdì kọjá. Mo ní, "Mà, èmi ni bàbá rẹ̀. Èmi ni mo di irun yẹn." Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi tí àpá iná àti gírísì kún. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi dá mi lóhùn, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Bàbá, ẹ má gbè é lẹ́yìn nínú irọ́. Ẹ̀yin lẹ yẹ kẹ́ ẹ kọ́ ọ ní òtítọ́." Mo ní kí wọ́n mú òòyà wá. Mo ní kí wọ́n fa ọmọ kan jáde nínú àwọn tí irun wọn kò dáa, kí n dì í lójú gbogbo wọn, kí wọ́n ka wákàtí mẹ́ta fún mi. Àwọn òbí ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ní kí n má dójú ti àwọn ọkùnrin. Mo ní tójú bá ń tì í, kó bò ó.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Àǹtí Phebe lẹ́yìn mi. Wọ́n ti wọlé, mégáàdì kò tó ẹni tó ń dá wọn dúró. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kọ́mọ yẹn ó dìde. Ulé rẹ̀ ni mo sùn. Ojú mi ló ṣe dì í tí kò dáa, ojú mi ló ṣe tú u, ojú mi ló ṣe tún un dì. Àbúrò mi yìí ló di urun yẹn. Èmi gan-an ni mo wá láti Uléṣà láti mú ọmọ náà lọ nítorí mi ò gbà pé ó lè dì í. Ṣé èmi ni mo máa wá bá a purọ́?"

Olùkọ́ náà wo gèlè wọn, ó wo ewú tó yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí Ìwàlẹwà dìde. Ọmọ náà dìde, kò gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó wọ inú ilé-ìwé lọ.

Mo sin Àǹtí Phebe dé gáréèjì pẹ̀lú báàgì òfìfo wọn. Nígbà tí wọ́n jókòó tán nínú ọkọ̀, wọ́n ní ìlà àárín wọ́. Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní ṣùkú le ju kòlẹ́sẹ̀ lọ. Mo ní mo ti so ìko mìíràn rọ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ mímú ọmọ lọ mọ́, ọkọ̀ sì gbéra.

Nítorí náà, bá mi sọ fún wọn ní kíláàsì pé òótọ́ ni Micah wí. Sọ fún wọn pé mo tún dì í, pé ṣùkú ni mo dì láàárọ̀ yìí, pé Sikirat ní ó kù díẹ̀ káàtó àmọ́ kò sẹ́ni tó máa dá a padà. O ní kí bàbá sanwó kó sì gbàdúrà. Mo sanwó, mo gbàdúrà. Owó tí mo san kò sọ fún mi pé ọmọ mi kò mọ orúkọ ilé-ìwé tó máa kọ sí ìwé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, nígbà tí orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Tómisìn ń wọ sẹ́kọ́ńdìrì lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ló ń bà á lẹ́rù? Má bi ìyá rẹ̀. Ìwọ ni mò ń bi.

Ẹ̀rín yín kò dùn mí, mo fẹ́ kó yé ọ. Èyí tó ń dùn mí ni pé ọmọ mi sọ òtítọ́ nípa bàbá rẹ̀, wọ́n sì ní kó kúnlẹ̀ nítorí irọ́. Olùkọ́ yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Gbogbo orí tó ti yẹ̀ wò láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì rí ẹyọ kan tí bàbá fọwọ́ kàn. Ta ló wá sọ òtítọ́ ọmọ mi di irọ́, Barnabas? Èmi àti ìwọ ni, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín ní kíláàsì.

Bá mi kí Màmá, kí o fún wọn ní bisikíìtì tí mo fi sínú àpò yìí, má jẹ ẹ́ lọ́nà. Bá mi kí ìyàwó rẹ, sọ fún un pé òróró tó júwe fún orúnkún ni mo fi ń ra ọwọ́ mi báyìí. Kí Tómisìn fún mi. Kí Micah pẹ̀lú, n kò bínú sí i. Tí ẹ bá ń bọ̀ ní Kérésì, ẹ kọjú ọkọ̀ sí ilé wa tààrà, iyán ń bẹ.

Èmi ni tìrẹ láìyí ohùn padà,

Ẹkúndayọ̀,
Bàbá Ìwàlẹwà,
Onídìrí.